Bàtà Kan Nínú Bàsíà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi rántí eré kan. Àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ wa kì í dé ìpàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó bá tètè dé á máa jà, àwọn tó bá pẹ́ dé á máa wojú ilẹ̀ bí àlejò. Kí lẹ̀yin máa ń fi wọ́n ṣe nígbà tiyín, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀?" Mo ní mi ò rántí nǹkan kan mọ́. Irọ́ ni mo pa. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí. Orúnkún ń ro mí, ojú ń ta mí, mo sì ti bójú tó ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún tó pọ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ tí ọmọ méjì ń jà lórí ibi ìjókòó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n di etí mi. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kì í ṣe orúnkún ló jẹ́ kí n purọ́ fún ọmọ yẹn. Eré tó ń béèrè wà lórí mi digbí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ohun tí mo fi eré náà ṣe ní Sọ́ńdè kan ni mi ò fẹ́ kó jáde lẹ́nu mi. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, bóyá ara á tù mí.

Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tiwa, kóòtù la ń pe agboolé. Ẹ má rò pé adájọ́ kan ń gbébẹ̀ o. Yàrá yí àgbàlá po, àgbàlá yẹn sì ni gbogbo ayé wa. Ibẹ̀ la ti ń dáná, ibẹ̀ la ti ń sáṣọ, ibẹ̀ làwọn àgbà ti ń parí ìjà tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń jí mi ni ariwo garawa tí wọ́n ń wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi ojú títì, kódà kí ládàánì tó pèrun. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà. Bí o bá ti dáhùn, iṣẹ́ ti bá ọ nìyẹn. Tèmi ni kí n gbálẹ̀ àgbàlá, kí n pọnmi kún àmù, kí n sáré lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà wá, kí n sì wẹ̀ fún Kàmọ́rù, ọmọ àbúrò bàbá mi, ọmọ ọdún márùn-ún tí ọṣẹ kì í wọ̀ lójú kó má figbe ta. Tí a bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja ṣáwá ló ń dúró dè wá, lẹ́yìn rẹ̀ abọ́ tó dọ̀tí, lẹ́yìn abọ́ ilé kéwú. Nígbà míì, mo máa ń sùn lọ lórí wàláà, tí ààfáà á fi ọwọ́ kan èjìká mi, tí wọ́n á ní, "Ràmọ́tà, ṣé àlùjànnà lo ti dé ni?" Àwọn ọmọ yòókù á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá délé, ẹ̀wà ń bẹ tí a fẹ́ ṣà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ó rẹ gbogbo ilé wa. Mi ò mọ bí mo ṣe lè wí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ ló ku díẹ̀ kó parí nígbà tí àbúrò mi obìnrin, Mulíkà, kú. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ọmọ ọdún méje ni, ó fẹ́ràn ariwo, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ títí ìdáhùn á fi tán lẹ́nu ẹni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde, ṣe ni àgbàlá wa dákẹ́ bí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Màmá mi ń ta owú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ní Jankárà. Wọn ò pa ọjà jẹ. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń dáná, wọ́n ń kírun. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wọn kò níyọ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́. Bàbá mi pàápàá á kàn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó dùn. Àwọn tó wá kí wa á ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," Màmá mi á ní, "Àmín." Wọ́n á tún ní, "Olúwa ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́," Màmá mi á tún ní, "Àmín." Wọn ò sunkún. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí omi lójú wọn, látọjọ́ náà títí oṣù fi ń gorí oṣù. Àwọn obìnrin àdúgbò ń yìn wọ́n pé, "Ẹ wo bó ṣe gbà fún Ọlọ́run." Èmi tí mò ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn mọ̀ pé wọn ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń rìn káàkiri ni.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n di ẹrù Mulíkà fún sàráà: búbá rẹ̀, ìborùn rẹ̀, kaba tó fi ṣe Iléyá, àti sálúbàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan. Àǹtí Sìkírá, àbúrò bàbá mi, ni wọ́n ní kó gbé e lọ. Màmá mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Jọ̀ọ́, gbé e jìnnà. Mi ò fẹ́ rí i lára ọmọ kankan." Àǹtí jẹ́ tíṣà, kì í sì í ṣe ẹni tí ń jókòó. Láti ilé ìwé sí ilé kéwú, láti ilé kéwú sí ìpàdé, eré ni wọ́n máa ń sá. Wọ́n gbé ẹrù náà lọ sí mọ́ṣáláṣí kan lápá Jankárà, wọ́n rí obìnrin kan tó jókòó níbi àwọn obìnrin, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, wọ́n sì yíjú padà. Ìyá Àgbà ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. "Ohun tí a bá ti fi ṣe sàráà," wọ́n ní, "ti Ọlọ́run ni. A kì í béèrè ibi tó dé."

Àǹtí Sìkírá yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ nínú àgbàlá wa. Gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun alásàrí, àwọn ọmọ á ti gbogbo òpópó àyíká wá, wọ́n á kọ́ àdúrà, wọ́n á kọ́ ìwà ọmọlúàbí, wọ́n á jẹ gúgúrú, wọ́n á lọ. Ó dáa lórí ìwé. Àmọ́ ẹ mọ bí ọmọ Èkó ṣe máa ń dé ibì kan. Ẹlòmíì á ti dé kí ládàánì tó ṣí ẹnu, ẹlòmíì á dé nígbà tí gúgúrú bá ń tán lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ dé á gun odi kànga, wọ́n á lé ewúrẹ́ Ìyá Àgbà, wọ́n á fa aṣọ ya lára ara wọn. Nígbà tí Àǹtí bá fi máa jáde síta, ẹni mẹ́rin á ti máa sunkún. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí.

"Ràmọ́, ìwọ lò ń gbénú ilé. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí wọn. Wá nǹkan tí wọ́n á máa ṣe bí wọ́n bá ṣe ń dé. Nǹkan kékeré ni o, tí kò gba agbára."

"Àǹtí, ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ ọmọ ọdún mọ́kànlá? Kí lèmi ó wá sọ?"

Bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lórí nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ní kí ẹni tó bá dé mú òkúta kan, kó jù ú sínú agolo, kí n lè mọ iye tí a jẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n ti ń jù ú mọ́ra wọn, ọ̀kan bá Kàmọ́rù níwájú orí. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ kan sétí ara wọn títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn. Èébú ló máa ń jáde lódì kejì. Ìyá Àgbà yọjú láti ojú fèrèsé wọn, wọ́n ní, "Ṣé ìpàdé lẹ ń ṣe ni, àbí ogun lẹ ń jà?" Mo fẹ́ sunkún. Mo ti fọ yunifọ́ọ̀mù mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ti bó.

Ìdí gbígbálẹ̀ ni mo ti rí eré bàtà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni kankan kì í wọ bàtà gorí ẹní. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa máa ń kún fún bàtà ọmọdé, ti rọ́bà, ti awọ, èyí tí wọ́n fi wáyà dè, èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ki àkísà bọ̀. Mo ń fi ọwọ̀ gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú ń bí mi, ni mo bá ṣàkíyèsí pé mo ń sọ ọ́ lẹ́nu pé, "Ti Sàfù nìyí, kò mọ̀ ọ́n fọ̀, ti Múfú nìyí, ó ti tún jẹ gìgísẹ̀ ẹ̀ tán." Mo mọ gbogbo wọn nípa bàtà wọn. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gbé bàsíà ìfọṣọ kan sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá dé á ju bàtà kan sínú bàsíà, á fi ìkejì síta. Bí a bá ti pé bíi mẹ́fà, èmi á na bàtà kan sókè. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ dákẹ́. Àwọn yòókù ló máa sọ pé ti lágbájá ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n á gbé bàtà náà lọ bá olówó ẹ̀, á wọ̀ ọ́ fún un lẹ́sẹ̀, á sì sọ ohun rere kan nípa ẹ̀ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé bàtà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ni ín, a jẹ́ pé àlejò wà láàárín wa nìyẹn. Àlejò náà á dìde, á sọ orúkọ rẹ̀, á sọ òpópó tó ti wá, á sọ ohun tó jẹ lọ́sàn-án. Gbogbo wa á ní, "Káàbọ̀ o!" Láti ọjọ́ náà, ó ti di ara wa. Bí àwọn mìíràn ṣe ń dé, bẹ́ẹ̀ ni bàtà ń wọ bàsíà, tí eré ń lọ. Kò sẹ́ni tó tètè dé jù, kò sẹ́ni tó pẹ́ jù. Nígbà tí Àǹtí jáde síta tí wọ́n bá gbogbo ọmọ lórí ẹní, tí ẹyọ ẹnì kan kò sunkún, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ràmọ́, o gbà mí o!"

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ti Àǹtí. Màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná tí eré bá ń lọ, pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà lórí itan wọn, kí wọ́n máa ṣà á. Lọ́jọ́ kan, Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ mọ bàtà Múfú, ọmọkùnrin gìrìwò kan tó máa ń nà án. Ó wọ̀ ọ́ fún un, ó dìde dúró, ó ronú títí, ó ní, "Ohun rere tó wà lára Múfú ni pé kì í gbá mi létí lójú àwọn àgbà." Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Mo bojú wo Màmá mi, mo rí i tí igun ẹnu wọn mì. Ó mì, mo rí i. Ìyẹn ni mo gbé sùn. Láti ìgbà náà, ìdí kan ṣoṣo tí mo fi ń gbé bàsíà yẹn síta ni pé mo fẹ́ kí ẹnu wọn tún mì. Mo fẹ́ kí ìyá mi padà wá sílé. Ọmọdé ni mí, mo rò pé nǹkan kan ló kù tí ẹnì kan máa ṣe, tí wọ́n á fi padà, mo sì rò pé èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Ní Sọ́ńdè tí mò ń sọ, Àǹtí lọ síbi ayẹyẹ ilé ìwé wọn kan ní Oníkan, wọ́n ní kí n máa mú wọn ṣeré títí àwọn á fi dé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Sàfù mú ọmọbìnrin kan wá tí n kò rí rí, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n dirun fún ní ṣùkú. N kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ló ń wo ẹsẹ̀ nígbà tí Múfú ń fẹ́ gun odi kànga? Nígbà tí a pé tó, mo ti ọwọ́ bọ bàsíà, mo na bàtà kan sókè, kó tó di pé mo wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Sálúbàtà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti já rí, wọ́n sì fi owú pupa rán an. Màmá mi ló rán an. Owú aláwọ̀ ilẹ̀ tán nínú àtẹ wọn lọ́jọ́ náà, Mulíkà sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú pé òun ò fẹ́ pupa.

Mo fẹ́ sọ ọ́ padà sínú bàsíà. Ó ti bọ́. Kàmọ́rù ti fò sókè. "Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n! Ti Mulíkà ni!" Ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀, nítorí òun kì í sábà kọ́kọ́ mọ ti ẹnikẹ́ni. Ó já bàtà náà gbà lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ẹní, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo tán lápá ọ̀tún, ó wo tán lápá òsì. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ràmọ́, níbo ló jókòó sí?" Àwọn ọmọ ilé wa yíjú sí ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná. Àwọn ará ìta kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn náà yíjú síbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọwọ́ Màmá mi dúró lórí àtẹ ẹ̀wà.

Mo ní, "Ta ló wọ bàtà yìí wá?"

Ọmọ tuntun náà dìde. Sàfù ti kọ́ ọ lófin eré, ó rò pé ó ti kan òun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Èmi ni. Bíńtù ni orúkọ mi. Òpópó ẹ̀yìn ilé yín la wà. Mo jẹ ìrẹsì àti..."

"Kì í ṣe tìẹ," ni mo wí. Mo pariwo ni. "Bọ́ síbí. Lọ mú ìkejì wá."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

Títí dòní, bí mo bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò wá, ìbéèrè yẹn ni mo máa ń gbọ́. Ọmọ náà rò pé ara eré ni. Mo ní, "Ẹn-ẹ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìkejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà, ó sì dúró kí n wọ̀ ọ́ fún òun, kí n sọ ohun rere. Mo ní kó máa lọ sílé. Ìgbà yẹn ló wá yé e. Ó wo Sàfù, Sàfù wo ilẹ̀. Ó rìn jáde lẹ́sẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ogún ọmọ tó jókòó síbẹ̀ tó sọ pé "ó dàbọ̀" fún un. Èmi tí mo dá eré sílẹ̀ kí àlejò má baà wà láàárín wa, èmi náà ni mo lé àlejò jáde. Ojú ò tì mí nígbà náà o. Mo rò pé mo ti rí ohun tí ìyá mi ń wá.

Mo kó bàtà méjèèjì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá mi. "Màmá, mo ti gbà á padà fún yín." Mo ń wo ẹnu wọn. Ẹnu wọn kò mì.

"Ta ló rán ọ?" Ohùn wọn wálẹ̀.

"Kò sẹ́ni, Màmá."

"Mo ní ta ló rán ọ, Ràmọ́tà?" Wọ́n dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀ gbogbo. "Mo ní kí wọ́n gbé e jìnnà. Ṣèbí mo ní jìnnà! Mo ti fún Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ kí n gbé e fún un?"

Ìyá Àgbà ti jáde, wọ́n di ìlẹ̀kùn mú. "Yéè! Sàráà lo lọ gbà padà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ yìí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. O ti fọ́ ọ o." Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí ó rò pé òun ni wọ́n ń bá wí pé òun kò rí Mulíkà. Màmá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì mú bàtà, wọ́n ní kí Sàfù máa lọ níwájú, kó fi ilé ọmọ náà hàn wọ́n.

Kò jìnnà. Ibi tí Àǹtí gbé ẹrù lọ pàápàá kò jìnnà. Obìnrin tó gbà á náà kò jìnnà. Ìyá Bíńtù ń yan ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà, Bíńtù jókòó sórí àpótí, ó ń fi omi agolo ṣan ẹsẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà rí ohun tó wà lọ́wọ́ Màmá mi, kò pariwo. Ì bá ti dáa ká ní ó pariwo. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó wọ inú yàrá, ó sì gbé ẹrù kan jáde: búbá, ìborùn, kaba Iléyá, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n ká létí létí.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Ẹni tó fún wa kò sọ ọmọ tó ni ín, àwa náà ò sì béèrè. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni. Ẹ gbà wọ́n, kò sí ìjà níbẹ̀."

"Rárá o," ni Màmá mi wí. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé e fún mi." Wọ́n sì kúnlẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Obìnrin náà ní, "Háà, ẹ dìde!" òun náà kúnlẹ̀. Ẹrù ń lọ, ẹrù ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀pà, iná ń jó mi lẹ́sẹ̀, mi ò lè kúrò. Nígbà tó ṣe, Màmá mi fi ẹrù sílẹ̀, wọ́n yíjú sí Bíńtù. "Ọmọ mi, wá gba bàtà rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ló ṣìṣe."

Bíńtù mi orí. Ó ní, "Ẹ mú u, Màmá. Kò kúkú gbà mí tán. Ó máa ń fún mi."

Màmá mi fa ẹsẹ̀ ọmọ náà sórí itan wọn, pẹ̀lú omi pẹ̀lú ẹrẹ̀, wọ́n gbé bàtà sábẹ́ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ jáde lẹ́yìn, ọmọ ìka rẹ̀ yọ jáde níwájú. Wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́jọ." Wọn ò fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. "Mulíkà náà ì bá ti pé mẹ́jọ. Kò ní gbà á mọ́. Ẹ wò ó, ì bá má gbà á mọ́ báyìí." Wọ́n sì bú sẹ́kún. Ẹkún tí wọn ò sun láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n sun lẹ́nu ọ̀nà obìnrin elẹ́pà, ohùn wọn lọ sókè títí àwọn ènìyàn fi ń yọjú láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá Bíńtù gbá orí wọn mọ́ àyà, ó ń ní, "Ẹ sun ún, Màmá. Ẹ sun ún." Ẹ̀pà jóná.

Gbogbo ilé wa ló gbà pé ọjọ́ yẹn lara Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Iyọ̀ padà sínú ọbẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníbàárà wọn jà ní Jankárà, wọ́n sì máa ń yà kí Ìyá Bíńtù bí wọ́n bá ń bọ̀. Àǹtí Sìkírá bẹ̀bẹ̀ pé ó ti rẹ òun lọ́jọ́ tí òun gbé ẹrù náà lọ ni, wọ́n sì gbà fún wọn, nítorí ta ni kò rẹ̀ lọ́dún náà? Ìyá Àgbà ní iṣẹ́ ibi tí mo ṣe, Ọlọ́run ti sọ ọ́ di rere. Gbogbo wọn dárí jì mí, ó sì rọrùn fún wọn, nítorí kì í ṣe àwọn ni mo ṣẹ̀. Èmi náà gbé ìdáríjì náà kiri bí ẹni gbé aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ̀.

Bíńtù kò padà wá sí ìpàdé. Àǹtí rán mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n lọ pè é, kí n sọ pé a fẹ́ kí ó jókòó síwájú. Lẹ́ẹ̀kíní, mo dé ẹnu òpópó wọn, mo dúró títí, mo padà, mo ní wọn ò sí nílé. Lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti pinnu. Mo ti ń tún ohun rere tí mo máa sọ nípa rẹ̀ sọ lẹ́nu bí mo ṣe ń lọ. Mo yà sínú òpópó, mo sì ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, òun nìkan, tí wọ́n rán an ní iṣẹ́, tó gbé abọ́ lọ́wọ́. Ó wọ bàtà rọ́bà tuntun kan. Ó rí mi. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé abọ́ sílẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

Mo sáré. Mo sọ fún Àǹtí pé ó ní òun kò wá mọ́.